Ta Ni Yóò Gé Ìka Ọba? Ìdáhùn fún Òṣèré Tó Fẹ́ Ṣe Hamlet

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe tíátà ní Sángo, níbí n'Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Ohun tó sọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbé Hamlet tí Shakespeare kọ sórí ìtàgé, èmi ni wọ́n sì fún ní ipa Hamlet. Olùdarí wa ní ojo ni Hamlet, pé kí n ṣe é bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi rò pé ẹ̀rí ọkàn ló dá a dúró, nítorí Bíbélì sọ pé ti Olúwa ni ẹ̀san. Màmá mi wá ní ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì kò yé àwọn: kí ni ọmọ tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti ọ̀run tún ń ṣiyèméjì sí? Ta ló tọ̀nà, sà? Nígbà tí mo bá sì fa idà yọ lẹ́yìn ọba tó ń gbàdúrà, kí ni kí n ní lọ́kàn?"

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ẹgbẹ́ yín kú ìmúra. Inú mi dùn pé o kò fẹ́ kàn há ọ̀rọ̀ sórí kí o lọ kà á síta lójú èèyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá eré yìí fà á, mo sì ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nílùú yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èrò mi kò bá ti ẹnì kankan nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yín di ohun kan mú tí kò yẹ ká sọ nù. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé níwọ̀n ìgbà tí Hamlet ń ṣiyèméjì, ọmọlúàbí ṣì ni. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun ti mọ òótọ́ ló di apààyàn.

Kí àwọn tí kò tíì ka eré náà lè bá wa lọ: ọba ilẹ̀ Denmark kú lójijì, wọ́n ní ejò ló bù ú ṣán níbi tó sùn sí nínú ọgbà rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Claudius, gorí oyè, ó sì fẹ́ Gertrude, ìyàwó olóògbé. Òkú ọba fara han Hamlet ọmọ rẹ̀ lóru, ó ní Claudius gan-an ni ejò náà, pé májèlé ló dà sí òun létí, kí Hamlet gbẹ̀san òun. Hamlet búra. Láti ibẹ̀ lọ ni a ti ń dúró dè é, ó sì pẹ́ gan-an kó tó ṣe é.

Màmá rẹ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ibi tí wọ́n dúró sí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran yín yóò dúró sí. Lọ́dọ̀ wa, òkú àti alààyè kò jìnnà síra wọn. Egúngún ilé ń jáde, à ń bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ lójú oórì, ẹni tó bá sì rí òkú bàbá rẹ̀ lójú àlá kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí Hamlet ti ń kàwé: Wittenberg, yunifásítì tí Martin Luther ti ń kọ́ni nígbà tó gbé ìjà rẹ̀ dìde sí Ìjọ Àgùdà ní 1517. Òkú ọba sì sọ pé inú iná lòun wà lójú ọ̀sán, títí ẹ̀ṣẹ̀ òun yóò fi jó tán. Ẹ̀kọ́ Àgùdà nìyẹn, Ìjọ England sì ti ta kò ó nínú ìlànà ìgbàgbọ́ tí wọ́n ṣe ní 1563, ọdún kan kí wọ́n tó bí Shakespeare. Nítorí náà, lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wo eré yìí ní London, òkú tó bá wá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ Sàtánì tó gbé àwọ̀ bàbá wọ̀. Hamlet fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀mí tí òun rí lè jẹ́ Sàtánì, tó fẹ́ tipa ìbànújẹ́ òun pa òun run. Kódà láàárín tiwa, màmá: bí ọmọ bá lálàá pé bàbá òun ní kí òun lọ pa àbúrò bàbá, ṣé yóò kàn jí gbé àdá ni? Yóò bi Ifá, tàbí kó lọ bá ààfáà, tàbí kó gba ilé wòlíì lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí Hamlet gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu rẹ̀, òkú sì ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn wa lè ṣì gbọ́, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n lè wo ìgbéyàwó Claudius kí wọ́n ní, "Ó ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kí ló burú ńbẹ̀?" Lójú ìjọ àwọn ará England, èèwọ̀ ńlá ni. Orí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Ọba Henry Kẹjọ dúró lé tó fi kọ Catherine, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Arthur, kó lè fẹ́ ìyá Elizabeth, ọbabìnrin tó wà lórí oyè títí di 1603. Ṣùgbọ́n tiwa náà ní òdiwọ̀n. Opó Mùsùlùmí ń jókòó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Hamlet ní ti ìyá òun kò tíì pé oṣù méjì, pé oúnjẹ tó ṣẹ́ kù níbi ìsìnkú ni wọ́n gbé síwájú àlejò níbi ìgbéyàwó. Tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tí o bá ń sọ ọ́. Àwọn ìyá tó bá jókòó níwájú yóò bá ọ sọ ọ́.

Hamlet kò ní babaláwo tí yóò bi, ó wá lo tíátà. Àwọn òṣèré arìnrìn-àjò kan dé ààfin, irú àwọn alárìnjó tiwa látijọ́, ó sì ní kí wọ́n ṣe eré kan níbi tí wọ́n ti da májèlé sí ọba létí nínú ọgbà, kí òun àti Horatio ọ̀rẹ́ òun lè máa wo ojú Claudius. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tó gbára lé nìyẹn. Claudius fò dìde, ó ní kí wọ́n tan iná fún òun, ó sì jáde. Hamlet yọ̀, ó ní òun yóò fi ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn gba ọ̀rọ̀ òkú náà gbọ́. Ọ̀pọ̀ òṣèré máa ń bá a yọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Wò ó dáadáa. Kí àwọn òṣèré tó la ẹnu, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìṣe lásán ṣe gbogbo ìtàn náà láìsọ̀rọ̀, májèlé àti etí àti gbogbo rẹ̀, Claudius kò sì ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹni tó da májèlé nínú eré yẹn kì í ṣe àbúrò ọba. Hamlet alára ló sọ fún gbogbo ààfin pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọba ni, tàbí ọmọ àbúrò rẹ̀. Kí ni àwọn ìjòyè tó jókòó síbẹ̀ yóò wá rí? Wọn yóò rí ọmọ ọba tó ń fi eré halẹ̀ mọ́ ọba tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ọba sì bínú dìde. Òtítọ́ tí Hamlet rí, òun àti Horatio nìkan ló yé. Kò sí ẹ̀rí kankan tó lè gbé lọ sójú ìlú.

Ibi tí eré yìí ti ká mi lára jù nìyí, òun náà ni n ó fẹ́ kí olùdarí yín bá wa gbé yẹ̀wò. A ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọba gan-an ló ṣẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gé ìka ọba? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì wà, Baṣọ̀run ló ṣíwájú wọn, wọ́n sì lè kọ Aláàfin. Ní Denmark inú eré yìí, kò sí irú wọn. Claudius ni ọba, òun ni adájọ́, òun ló tún ń rán ọlọ́pàá. Níbi tí kò bá ti sí kóòtù, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò di olùpẹ̀jọ́, tí yóò di ẹlẹ́rìí, tí yóò di adájọ́, tí yóò sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ orí. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò lọ́ra kó tó gbé iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn lé ara rẹ̀ lórí. Èmi kì í pe ìlọ́ra yẹn ní ojo. Ṣé ojo ló ń tẹ̀ lé òkú lọ nínú òkùnkùn nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fà á lẹ́wù pé kó má lọ? Ṣé ojo ló ń fò wọ ọkọ̀ àwọn ọlọ́ṣà lójú òkun, òun nìkan? Lóòótọ́, Hamlet bú ara rẹ̀ ní ojo, mo gbà pé ibẹ̀ ni olùdarí yín ti mú un. Ẹni tó ń bínú sí ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn òǹwòran yóò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ, wọn kò sì ní ronú mọ́.

Ó wá kan ìwọ náà. Ìdáhùn rẹ dùn mọ́ mi nínú, kò sì rọrùn fún mi láti sọ pé eré náà kò gbè ọ́ tó bí o ṣe rò. Nígbà tó ń ro pé kí òun pa ara òun, Hamlet sọ ọ́ gbangba pé Ọlọ́run kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n wá gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, o kò ní rí ibi tó ti sọ pé Ọlọ́run ka ẹ̀san léèwọ̀. Ohun tó sọ ni pé ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì jọ ń ti òun sí i. Àwọn tó ń wo eré mọ ẹsẹ̀ Bíbélì tí o ń sọ, nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù. Shakespeare ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu Hamlet. Nítorí náà, má ṣe Hamlet bí ẹni tí ẹsẹ̀ Bíbélì dì lọ́wọ́. Ohun tó ń dà á láàmú ni bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún un, àti irú ẹni tí òun yóò dà bí òun bá ṣe é.

Wá wo bí nǹkan ṣe yí padà lẹ́yìn eré àwọn alárìnjó yẹn. Ọkàn Hamlet ti balẹ̀. Nígbà tó ku òun nìkan, ó ní òun lè mu ẹ̀jẹ̀ gbígbóná báyìí. Ó ń lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, ó bá Claudius lórí ìkúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, kò pa á, a óò dé orí ìyẹn. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó fi idà gún aṣọ náà láìwo ẹni tó wà níbẹ̀. Polonius ni, àgbàlagbà ìjòyè, bàbá Ophelia tí Hamlet ń fẹ́. Níbo ni ọ̀gbẹ́ni tó ń wá ẹ̀rí lánàá wà? Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí England pẹ̀lú Rosencrantz àti Guildenstern, àwọn tí wọ́n jọ ṣe kékeré. Ó rí i pé lẹ́tà tí wọ́n mú dání ní kí wọ́n bẹ́ òun lórí, ó pa lẹ́tà náà dà, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n pa àwọn méjèèjì, kí wọ́n má tilẹ̀ fún wọn láyè àtijẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Horatio gbọ́, ó yà á lẹ́nu. Hamlet ní wọn kò sún mọ́ ẹ̀rí ọkàn òun rárá. Ophelia ya wèrè, ó kú sínú omi. Gbogbo èyí, ìgbà tí kò ṣiyèméjì mọ́ ló ṣe é.

Padà sí ibi àdúrà náà. Claudius ń jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run lóun nìkan, ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun ló wà lọ́wọ́ òun. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ìbéèrè tí mo rò pé òun ló wúwo jù nínú eré yìí: ṣé wọ́n lè dárí ji èèyàn nígbà tí ohun tó tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Adé wà lórí rẹ̀, ìyàwó olóògbé wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ó dà bí olè tó ń sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ewúrẹ́ onítọ̀hún ń ké lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Hamlet fa idà yọ. Mo rántí ìgbà kan tí a ṣe ibí yìí ní Mọ́kọ́lá. Bí ọmọkùnrin náà ṣe gbé idà sókè báyìí, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Pa á! Kí lò ń wò!" Ẹnì kan ní ẹ̀yìn tilẹ̀ dìde dúró. Ọmọkùnrin náà kò dá wọn lóhùn, ó dúró dè wọ́n, ó wá sọ ìdí tó fi fi idà padà sínú àkọ̀: bí òun bá pa á lórí àdúrà, ọ̀run rere ni yóò lọ, kí òun dúró di ìgbà tó bá ń mutí, tàbí tó ń bínú, tàbí tó wà lórí ibùsùn ẹ̀ṣẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè lọ tààrà sí ọ̀run àpáàdì. Ìyá àgbàlagbà kan níwájú ṣí gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Háà! Èyí ti ju ikú lọ." Ìyá náà gbọ́ eré yẹn já. Ẹ̀san bàbá ti parí níbẹ̀. Hamlet fẹ́ gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe, kó sì pinnu ibi tí ọkàn èèyàn yóò sùn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Samuel Johnson, tó tẹ àwọn eré Shakespeare jáde ní 1765, ní ọ̀rọ̀ náà burú kọjá ohun tó ṣeé kà tàbí tó ṣeé sọ síta. Coleridge, akéwì ilẹ̀ England, ní tirẹ̀ sọ pé àwáwí lásán ni, pé Hamlet kàn ń wá ọ̀nà láti sún un síwájú ni. Ọ̀dọ̀ Johnson ni mo wà, torí tí àwáwí bá ni, idà tó pa Polonius ní kété lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n òṣèré lè gba ọ̀nà Coleridge kó sì gún régé, n kò ní purọ́ fún ọ.

Kí a tún sọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ká ní Hamlet gún Claudius níbi àdúrà yẹn, Polonius ì bá wà láàyè, Ophelia ì bá wà láàyè, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, Laertes ọmọ Polonius, Gertrude, àti Hamlet gan-an. Èèyàn méje nìyẹn. N kò lè sọ fún òbí tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ pé iyèméjì kò ní owó tí à ń san lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Denmark ì bá rí? Wọn ì bá rí ọba tó kú lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú idà lẹ́yìn, àti ọmọ ọba tó ní òkú ló rán òun. Kódà ní òpin eré, lẹ́yìn tí Laertes ti fẹnu ara rẹ̀ kígbe pé ọba ló lẹ̀bi, nígbà tí Hamlet gún Claudius, àwọn ìjòyè ṣì ń pariwo pé ọ̀tẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan wà tí Hamlet kò gbà, àwọn ará wa sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà sọ Ọ̀yọ́ di tirẹ̀, tó ń fi Aláàfin jẹ, tó ń pa wọ́n, tó sì pa Agbọ́nyín ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, Abíọ́dún kò gbé idà lọ́jọ́ náà. Ó fara balẹ̀, ó ń lọ kí Gáà láàárọ̀ láàárọ̀, ó sì ń ránṣẹ́ sábẹ́lẹ̀ títí ó fi bá Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, ṣàdéhùn. Ní 1774, gbogbo ilẹ̀ ló dìde sí Gáà. Ibẹ̀ ni a ti rí i pè: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́. Claudius fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn ará ìlú fẹ́ràn Hamlet. Ó lè kó wọn jọ. Kò gbìyànjú ẹ̀, mo sì ka ìyẹn sí i lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò ní fi Abíọ́dún ṣe áńgẹ́lì, torí ọjọ́ tí wọ́n pa Gáà, wọ́n pa ọmọ àti ẹbí rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tí ìka tiwọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bí olùdarí yín bá ṣì ní akọni tí kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kí Hamlet jẹ́, ẹ ka Laertes, ọmọ Polonius. Òun gbọ́ ikú bàbá rẹ̀, ó kó èrò wọ ààfin, ó ní kí ẹ̀rí ọkàn lọ sí isà òkú, òun ò bẹ̀rù ọ̀run àpáàdì. Claudius bi í pé kí ló lè ṣe, ó ní òun á dúńbú Hamlet nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó yá bí èyí ni Claudius ń wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti sọ Laertes di irinṣẹ́, wọ́n ti fi oró sí ẹnu idà. Oró náà ló padà pa Laertes.

Nípa ìyá Hamlet, olùdarí yín ni yóò yan èyí tó wù ú, torí àwọn ìwé kò fẹnu kò. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1603, Gertrude búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ òun. Nínú ti 1604 àti ti 1623, kò sí ìbúra yẹn. Nígbà tí Hamlet sọ ọ́ sí i lójú, ohun tó sọ kò ju kí ó tún ọ̀rọ̀ náà bi í lọ. Ẹ pinnu kó tó di ọjọ́ eré, torí obìnrin tó mọ̀ àti obìnrin tí kò mọ̀ kì í sunkún bákan náà.

Ohun tí ìwọ yóò ní lọ́kàn lẹ́yìn ọba náà ni èyí: má káàánú rẹ̀, má sì bẹ̀rù rẹ̀. Jẹ́ kí ebi ìjìyà rẹ̀ máa pa ọ́, kí ọ̀rọ̀ ọ̀run àpáàdì yẹn jáde jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣírò owó. Dúró sún mọ́ ọn débi tí idà lè tó o, kí àwọn òǹwòran lè rí i pé o lè ṣe é. Ní ìran tó kẹ́yìn, nígbà tí o bá gún un tí o sì fipá da ọtí olóró sí i lẹ́nu, yẹ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé wò dáadáa. Hamlet pè é ní apààyàn, ó ní kó tẹ̀ lé ìyá òun lọ. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi orúkọ bàbá kún un nítorí kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́.